Bí A Ṣe Ń Da Ẹ̀yà Iris Omi Pọ̀ Nínú Ọgbà Ilé

Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbìyànjú láti da ẹ̀yà méjì iris omi, òdòdó tó ń hù létí omi, pọ̀ ló máa ń rò pé òun ti ṣe é. Wọ́n á já òdòdó pupa, wọ́n á fi ra òdòdó aláwọ̀ aró lára, èso á yọ, inú á dùn. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá tanná, á jọ ìyá rẹ̀ délẹ̀délẹ̀, kò ní sí ohun tó fi jọ ẹlòmíì. Oyin ló ti débẹ̀ ṣáájú wọn. Òdòdó tó bá ti là kí ọwọ́ yín tó kàn án, ẹ má kà á mọ́ iṣẹ́ yín rárá.

Iris Louisiana ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gba omi, ó sì bá ọgbà mu láti Houston, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, títí dé New Orleans. Ẹ̀yà márùn-ún ló wà lábẹ́ orúkọ yẹn: Iris fulva, tó pupa bíi bàbà, Iris giganticaerulea, tó ga, tó ní àwọ̀ aró, tó sì lè dúró sínú omi, Iris brevicaulis, kúkúrú, tí igi rẹ̀ ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ, Iris hexagona, àti Iris nelsonii, pupa, tó sì ga ju fulva lọ. Gbogbo wọn ń gba ara wọn. Kódà nínú igbó, wọ́n ń da ara wọn pọ̀ láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ kó wọn jọ kí Oṣù Kẹta tó parí, torí bí òdòdó bá bẹ̀rẹ̀, kò sáyè à ń wá nǹkan mọ́.

- Ìdí iris méjì ó kéré tán, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó ti dàgbà débi tó ń tanná.
- Ẹ̀mú kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń fa irun ojú.
- Fóìlì ìdáná, àti àpò nẹ́ẹ̀tì kéékèèké tàbí ìbọ̀sẹ̀ obìnrin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti gbó.
- Táàgì oníke àti pẹ́ńsùlù. Ẹ má lo bírò, oòrùn á pa á rẹ́ kí èso tó gbó.
- Ìgò kékeré onídèérí, pẹ̀lú àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tó ń fa ọ̀rinrin.
- Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ó fi gbé igi òdòdó ró.
- Ìkòkò oníke tó jìn tó 15 sẹ̀ǹtímítà, bàsíà tí ìkòkò lè jókòó sí, àti iyẹ̀pẹ̀ tó kan díẹ̀, pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n kíkan ilẹ̀) 6.5 tàbí kó dín sí i.
- Ìwé kan tí kò ní í kúrò nílé.

Iris máa ń yún èèyàn lára bí omi rẹ̀ bá kan awọ, iṣu rẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ sì ní májèlé fún ajá, ológbò àti ọmọdé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ń hú u. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á ni kí ẹ ti rà á, ẹ má lọ hú u nínú àbàtà. Àbàtà tó wà lẹ́bàá Abbeville, ní Vermilion Parish, ìpínlẹ̀ Louisiana, nìkan ni nelsonii ti ń hù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá hú mẹ́wàá níbẹ̀ ti ṣe ìpalára tí kò ṣeé dá padà.

Ìpele 1: Ẹ yan ìyá àti bàbá

Iris tí yóò gbé èso ni ìyá. Èyí tí a ó mú lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, ìyẹn àtíkè akọ inú òdòdó, ni bàbá. Iye krómósómù, ìyẹn àwọn fọ́nrán tó gbé àbùdá, ló ń sọ bóyá wọ́n máa bímọ: fulva àti nelsonii ní 42, giganticaerulea àti hexagona ní 44. Wọn ò jìnnà síra, ìdí nìyẹn tí èso fi ń dúró.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni ìsọ̀ òdòdó. Nínú àwọn iris Louisiana tí wọ́n ń tà, a rí èyí tí wọ́n ti sọ krómósómù rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Wọ́n ń pè wọ́n ní tetraploid. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tí a kò fọwọ́ kàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí hóró kan. Ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá mọ̀, ẹ má ra ti ọwọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá pẹ̀lú. Tí ẹ bá fi fulva pupa sórí giganticaerulea, ẹ má retí òdòdó pupa tó ga. Ọmọ àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì, gíga rẹ̀ náà ò sì ní í jìnnà sí àárín. Ọmọ ọmọ ni onírúurú àwọ̀ ti ń tú jáde, ìyẹn ni pé ẹ ó tún da àwọn ọmọ ìyá kan náà pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹni tí kò bá ní sùúrù dé ìran kejì, kó kúkú máa ra èyí tó ti tanná tán.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain: iris Louisiana máa ń tijú láti tanná níbi tí oòrùn kò ti mú tó. Iris versicolor àti Iris virginica ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló bí iris tí wọ́n ń pè ní 'Gerald Darby', tí igi òdòdó rẹ̀ dúdú bí aró. Iris ofeefee etí odò, Iris pseudacorus, jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Britain, ṣùgbọ́n ó ti di èpò tí òfin dè ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Washington àti Oregon wà lára wọn. Ó ní krómósómù 34, Iris ensata ti Japan sì ní 24. Àwọn ará Japan ti rí ọmọ gbà láàárín àwọn méjì yìí, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ kì í pọ̀, àwọn ọmọ náà sì sábà máa ń yàgàn. Kì í ṣe ibi tí ó yẹ kéèyàn ti kọ́ṣẹ́.

Ìpele 2: Ẹ kó lẹ́búlẹ́bú bàbá pamọ́

Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀. Lápá etí òkun Gulf ní gúúsù Amẹ́ríkà, òdòdó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí Oṣù Kẹta, ó ń lọ títí wọ Oṣù Kẹrin, brevicaulis sì sábà máa ń gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá fẹ́ kí fulva jẹ́ bàbá fún brevicaulis, fulva lè ti tán kí ìyàwó tó dé. Ìdí tí a fi ń kó pamọ́ nìyẹn.

Ẹ wo òdòdó iris dáadáa. Ewé ìtànná mẹ́ta ló gbòòrò, wọ́n rọ̀ sísàlẹ̀. Mẹ́ta míì wà láàárín wọn. Lókè pátápátá, apá mẹ́ta tó le díẹ̀ nà jáde láti àárín bí ẹni fẹ́ borí nǹkan. Abẹ́ apá kọ̀ọ̀kan ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan fara pamọ́ sí, àpò lẹ́búlẹ́bú sì wà lórí rẹ̀. Mẹ́ta péré ni, ẹ ò ní í rí ìkẹrin.

Ní òwúrọ̀ tí òdòdó bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, ẹ fi ẹ̀mú já àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ tẹ́ wọn sórí bébà nínú ilé, níbi tí atẹ́gùn fáànù kò dé, títí wọn yóò fi gbẹ tí wọn yóò sì là. Ẹ wé bébà náà, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára, ẹ sọ ọ́ sínú ìgò pẹ̀lú àpò tó ń fa ọ̀rinrin, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì. Á tó yín lo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹ bá mú un jáde, ẹ má ṣí ìgò náà títí òtútù ara rẹ̀ yóò fi lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìrì á sẹ̀ sínú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún òdòdó tí òjò pa. Omi ń ba lẹ́búlẹ́bú jẹ́. Èyí tó bá ti dì pọ̀ tàbí tó rin, ẹ dà á nù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi àpò kan kan èékánná tàbí bébà dúdú. Ó yẹ kó fi àtíkè lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá fi nǹkan kan sílẹ̀, kò tíì là, tàbí ó ti kú.

Ìpele 3: Ẹ múra ìyá sílẹ̀ kí oyin tó jí

Níbí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù, ẹ fara balẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí òdòdó máa là ni ẹ ó ṣe é. Ìrudi tó pọ́n ti gùn, àwọ̀ rẹ̀ ti hàn síta, ṣùgbọ́n ó ṣì wé mọ́ra pinpin. Bí etí rẹ̀ bá ti tú díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá òmíràn. Òmíràn á wà. Igi kan sábà máa ń ní ju ìrudi kan lọ.

Ẹ fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, níbi ilé ọmọ, ìyẹn ibi wúwo aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ òdòdó. Ẹ fi ọwọ́ kejì tú ewé mẹ́ta òde, kí ẹ fà wọ́n wálẹ̀, wọ́n á já. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́ta inú. Ohun tó kù ni apá mẹ́ta pẹ̀lú àpò lẹ́búlẹ́bú lábẹ́ wọn. Ẹ fi ẹ̀mú já àwọn àpò náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìdí, ẹ má fún wọn. Ẹ ka mẹ́ta kí ẹ tó sinmi.

Ewé òde yẹn ni pápákọ̀ òfurufú oyin. Bí ẹ bá ti mú un kúrò, oyin púpọ̀ kò ní í mọ ibi tí yóò bà sí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé ìyẹn nìkan. Oyin ńlá onírun fẹ́ràn giganticaerulea àti brevicaulis. Fulva sì ní olólùfẹ́ tirẹ̀, akùnyùnmù, ẹyẹ kékeré tó ń dúró lójú òfurufú fa omi dídùn. Òun kò nílò ibi ìbàsí. Nítorí náà, ẹ fi fóìlì ṣe fìlà kékeré, kí ẹ dé e lórí ohun tó kù, ẹ fún ìdí fìlà náà díẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Kó má fún apá mẹ́ta inú pọ̀ o.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: àpò mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ yín gbọ́dọ̀ ṣì dì, kó dán, kí lẹ́búlẹ́bú kankan má sí lára wọn. Bí ọ̀kan bá ti là, ìyá ti lè gbà lára ara rẹ̀. Ẹ já ìrudi yẹn sọnù, kó má baà tàn yín jẹ.

Ìpele 4: Ẹ fi bàbá kan ìyá

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ, ẹ ṣí fìlà. Ẹ wo abẹ́ orí apá kọ̀ọ̀kan. Orí apá náà là sí ewé kékeré méjì tó tẹ̀ sókè; lábẹ́ wọn gan-an ni ètè tínrín kan wà, kò ju bí etí èékánná lọ. Ètè yẹn nìkan ló ń gba lẹ́búlẹ́bú. Ẹni tó bá ń ra á sórí apá, tàbí sí àárín òdòdó, òwò òfo ló ń ṣe.

Bí ó bá ti tó àsìkò, ètè náà á ti yà díẹ̀ kúrò lára apá, ojú rẹ̀ tó kọ sí apá á sì máa dán bí ohun tí oyin kàn. Bí ó bá ṣì lẹ̀ mọ́ra, ẹ dé e padà kí ẹ wá ní ọ̀sán tàbí lọ́jọ́ kejì.

Ẹ fi ẹ̀mú mú àpò bàbá kan, ẹ fi orí rẹ̀ gbá ojú ètè náà láti òsì sí ọ̀tún, lẹ́rọ̀lẹ́rọ̀, títí ẹ ó fi rí i pé lẹ́búlẹ́bú ti bò ó. Ẹ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ dé fìlà padà, ẹ fi í síbẹ̀ di ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ẹ nu ẹ̀mú pẹ̀lú ẹ̀mí ọtí ilé oògùn kí ẹ tó mú bàbá mìíràn, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa.

Ìpele 5: Táàgì, lójú ẹsẹ̀

Ẹ má sọ pé ẹ ó rántí. Ẹ kọ orúkọ ìyá ṣáájú, lẹ́yìn náà ×, lẹ́yìn náà bàbá, àti ọjọ́: giganticaerulea × fulva, 4 Oṣù Kẹrin. Bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, ìyá ló ń ṣáájú. Ẹ so ó mọ́ igi lábẹ́ ilé ọmọ, kó má fún. Ẹ kọ ohun kan náà sínú ìwé, ẹ fi ibi tí igi wà nínú ọgbà kún un, torí ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń gé táàgì jẹ.

Ìpele 6: Ẹ ṣọ́ èso

Ohun tó kù lára òdòdó á rọ, á sì já. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, èyí tí kò gbà á pọ́n, á hunjọ, á bọ́. Èyí tó gbà á dúró ní tútù, á máa tóbi, igun mẹ́fà ara rẹ̀ á sì hàn.

Ẹ má fi ju èso méjì lọ sórí igi kan. Ẹ já ìrudi àti òdòdó yòókù tó wà lórí rẹ̀, pàápàá èyí tí oyin ti bẹ̀ wò, torí èso oyin àti èso yín kò yàtọ̀ lójú. Bí èso bá ti ń wúwo, igi á tẹ̀, á sì dùbúlẹ̀ sínú omi. Ẹ gbé e ró kó tó di pé ó ṣubú. Ẹ wọ èso náà ní ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí kòkòrò tó ń lu ú, àti pé bí ó bá là lójijì, hóró á bọ́ síbẹ̀.

Ẹsẹ̀ ìyá kò gbọ́dọ̀ gbẹ ní gbogbo àsìkò yìí. Bí ó bá wà nínú bàsíà, ẹ sọ èyí tó ń pa ọmọ ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Bti sínú omi. Kò ní í ṣe iris ní nǹkan kan, ẹ̀yin náà á sì sùn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù kan: ẹ fi ìka méjì tẹ èso náà jẹ́jẹ́. Bí ó bá le, tí ẹ ń kan kókó nínú rẹ̀, hóró wà níbẹ̀. Bí ó bá rọ̀ bí ohun òfìfo, afẹ́fẹ́ ló kún un.

Ìpele 7: Kíkórè

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni èso iris Louisiana fi ń gbó, ìyẹn láti Oṣù Keje lọ. Ẹ má dúró kó gbẹ tán bí ẹ ti ń ṣe fún ilá tí ẹ fẹ́ gbìn. Èso yìí máa ń rọ̀, á jẹrà, á sì tú hóró rẹ̀ sínú omi, níbi tí hóró ti ń léfòó lọ. Bí àwọ̀ ewé ara rẹ̀ bá ti ń di ofeefee, tí orí rẹ̀ sì ń rọ̀, ẹ gé e pẹ̀lú táàgì rẹ̀.

Ẹ là á lórí àwo funfun. Hóró ńlá ni ẹ ó rí, wọ́n ní igun, èèpo wọn nípọn, ó sì fúyẹ́ bí kọ́ọ̀kì ìgò. Òun ló ń gbé wọn léfòó. Ẹ kà wọ́n, ẹ kọ iye wọn sínú ìwé. Ìdàpọ̀ tó mú hóró mẹ́rin péré wá ní ìtàn tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ìpele 8: Gbígbìn

Lójú tèmi, ẹ gbìn ín ní tútù, láàárín ọjọ́ mélòó kan. Hóró iris omi tó bá ti gbẹ kankan nínú dúrọ́ọ̀ lè sùn fún ọdún kan kún ọdún tó yẹ kó sùn.

Èèpo bíi kọ́ọ̀kì yẹn ń dá hóró dúró. Ẹ fi èékánná bó o, láti apá tó gbòòrò. Ẹ má fi ọ̀bẹ kan orí tó tín-ín-rín, ibẹ̀ ni ọmọ inú rẹ̀ wà. Bí ọwọ́ bá ń ro yín, ẹ fi wọ́n sínú omi di ọjọ́ kejì, á rọ̀.

Ẹ gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀ tó kan díẹ̀, kó jìn tó 2 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ gbé ìkòkò sínú bàsíà tí omi rẹ̀ jìn tó 2 tàbí 3 sẹ̀ǹtímítà, níta, kí wáyà oníhò bò ó nítorí ọ̀kẹ́rẹ́. Bí omi ẹ̀rọ yín bá ń fi ẹfun sára kẹ́tù, omi òjò ni kí ẹ lò. Ẹ fi wọ́n síta jálẹ̀ ìgbà òtútù. Ní Britain, níta kan náà ni kí versicolor àti virginica wà. Òtútù yẹn ló ń jí wọn.

Àwọn kan á hù nígbà ìwọ́wé, púpọ̀ á hù ní ìparí ìgbà òtútù, àwọn kan á dúró di ọdún kejì. Ìdí nìyí tí a kì í fi da ìkòkò nù ní Oṣù Karùn-ún nítorí pé hóró méjì péré ló hù. Ẹ gbé e síbi ìbòòji, ẹ jẹ́ kó máa rin, ẹ dúró ọdún kan sí i.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ewé àkọ́kọ́ á pẹlẹbẹ bí abẹ ọ̀bẹ. Bí ó bá yí róbótó, tàbí tó ní irun, koríko ni, ẹ fà á tu.

Ìpele 9: Ìgbìn kejì àti òdòdó àkọ́kọ́

Nígbà tí ọmọ bá ga tó 15 sẹ̀ǹtímítà, ẹ gbé e lọ síbi tí oòrùn ti ń tàn fún ìdajì ọjọ́ ó kéré tán, kí àlàfo tó 30 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Gbogbo ọmọ ìyá kan náà máa ń jọra ní kékeré, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ fún wọn ní ajílẹ̀ tó wà fún igi tó fẹ́ ilẹ̀ kíkan, irú èyí tí wọ́n ń fi sí ìdí azalea.

Ìgbà ìrúwé kejì tàbí ìkẹta ni wọ́n ń tanná. Ẹ wá àmì bàbá kí ẹ tó wo ẹwà. Bí bàbá bá jẹ́ brevicaulis, ṣé igi òdòdó ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ díẹ̀? Bí ó bá jẹ́ fulva, ṣé pupa wà nínú àwọ̀ aró yẹn? Bí gbogbo ọmọ inú èso kan bá jọ ìyá láìku ọ̀kan, ẹ padà sí Ìpele 3.

Ẹ má ṣe ìdájọ́ lórí òdòdó ọdún àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ wò ó fún ọdún méjì. Igi tó ń ṣubú, òdòdó tó ń fara pamọ́ sínú ewé, èyí tó ń rọ ní ọ̀sán, ẹ hú wọn. Ọgbà ilé kò gba ìyọ́nú púpọ̀, ọmọ tí kò dára ń jẹ àyè èyí tó dára.

Èyí tó bá mókè nínú wọn, ẹ má fi hóró rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, torí hóró á tún yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kẹwàá, ẹ hú iṣu rẹ̀ tó nà lábẹ́ ilẹ̀ bí atalẹ̀, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ègé kọ̀ọ̀kan ní ewé àti gbòǹgbò, kí ẹ sì tún un gbìn ní ilẹ̀ tútù, kí orí rẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀. Tó bá ti pọ̀ tó ìdí mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ lè fi orúkọ tí ẹ yàn fún un ránṣẹ́ sí American Iris Society, àwọn ló ń forúkọ irú iris yìí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Wọ́n á béèrè gíga rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, àsìkò tó ń tanná, àti orúkọ ìyá pẹ̀lú bàbá.